Báwo la ṣe fẹ́ gba ìtàn ìgbà Kòrónà sílẹ̀ ní àdúgbò wa? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn (Àkúrẹ́)

Ọmọ Ìjọ̀kà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti gbogbo ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Ẹgbẹ́ àdúgbò wa ní Ìjọ̀kà fẹnu kò pé kí a gba ìtàn ohun tí ojú wa rí nígbà Kòrónà sílẹ̀ kí a tó gbàgbé. Ohun tó fà á kò tóbi. Ọmọ kan tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rí ìbòmú aláǹkárá nínú àpótí ìyá rẹ̀, ó ní aṣọ bèbí wo nìyẹn. Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ní ìpàdé, gbogbo wa dákẹ́. Akọ̀wé wa wá ka orúkọ àwọn àgbà àdúgbò tó ti papò dà láti 2020. Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Kò sí ẹni tó gba ohùn ọ̀kankan nínú wọn sílẹ̀.

Èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹta, kò bọ́ sí i. Mo lọ bá màmá kan tó ń ta ẹ̀wà, mo ní, "Màmá, báwo ni ìgbà Kòrónà ṣe rí fún yín?" Wọ́n ní, "Ó le o, ọmọ mi. Ọlọ́run ló kó wa yọ." Ó tán nìyẹn. Mo lọ bá bàbá kan, ọ̀rọ̀ ìjọba ni wọ́n fi wákàtí kan gbáko sọ, n kò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tiwọn. Ẹnì kẹta bú sẹ́kún ní ìbéèrè kejì. Mo pa fóònù, mo bẹ̀ wọ́n, mo gba ilé lọ. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀rù ń bà mí láti kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Tíṣà Fẹ̀yìntì, Òkè-Àró

O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Ìbéèrè rẹ ló fẹ̀ jù. "Báwo ló ṣe rí" kò ní ibi tí èèyàn lè dì mú. Ohun kékeré ni kí o máa béèrè. Kí lẹ sè lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ní kí oníkálukú jókòó sílé? Ta ló gé irun àwọn ọmọ yín? Ta lẹ máa ń rí lójoojúmọ́ tí ẹ kò wá rí fún oṣù mẹ́ta? Tí ẹni náà bá ti dáhùn, dákẹ́. Má sáré bọ́ sí ìbéèrè mìíràn. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ni, mo sì mọ̀ pé ìdáhùn àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ ohun tí ẹnu ti mọ̀ ọ́n sọ. Ẹni tí o bá fún láyè díẹ̀ ni yóò wá rántí.

Má sì bi àgbà ní oṣù àti ọjọ́. Wọn ò ní rántí, ojú á tì wọ́n, ọ̀rọ̀ á sì kúrú. Àwa ní Àkúrẹ́ ní ohun tí a lè fi ka ọjọ́. Ní òru Sátidé 28 oṣù Kẹta 2020, ìbúgbàù ńlá ṣẹlẹ̀ ní Iluabo, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀. Ó gbẹ́ kòtò ràgàjì sójú títì, ó wó ilé ìjọsìn àti ilé ẹ̀kọ́. Gómìnà Rótìmí Akérédolú sọ pé ohun abúgbàù tí wọ́n ń gbé lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ni. Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn rẹ̀, 3 oṣù Kẹrin, ni gómìnà kan náà kéde ẹni àkọ́kọ́ tó kó Kòrónà ní ìpínlẹ̀ wa. Nítorí náà, béèrè pé, "Ṣé ṣáájú ìbúgbàù ni àbí lẹ́yìn rẹ̀?" Ìwọ náà yóò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe máa tú jáde. Tèmi, orí ibùsùn ni mo wà, fèrèsé gbọ̀n, ìyàwó mi ní ayé ti parí. Òun náà ló rán mi létí pé ìrẹsì tó kù sílé wa lọ́jọ́ yẹn kò tó kóńgò mẹ́ta.

Láti ibẹ̀, máa fi àwọn ọjọ́ yòókù tẹ̀ lé e. Ọjọ́ Àjíǹde bọ́ sí 12 oṣù Kẹrin, àwẹ̀ Ramadan bẹ̀rẹ̀ ní 24 oṣù Kẹrin. Ní 30 oṣù Kẹfà, gómìnà fúnra rẹ̀ sọ pé àyẹ̀wò fi hàn pé òun náà ti kó o. Ọjọ́ kejì oṣù Keje ni Dókítà Wahab Adégbẹ́nró, kọmíṣọ́nnà ètò ìlera wa, kú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ pé irọ́ ni Kòrónà ní Àkúrẹ́, ọjọ́ yẹn ni ẹnu wọn wọlẹ̀. Ìbò gómìnà wá tẹ̀ lé e ní 10 oṣù Kẹwàá, tí a to sórí ìlà pẹ̀lú ìbòmú. Kọ àwọn ọjọ́ wọ̀nyí sínú ìwé kan, kí o máa mú un dání.

Nígbà tí o bá ń kọ ìtàn náà sílẹ̀, jẹ́ kó jẹ́ Yorùbá tó mọ́, tí gbogbo ènìyàn lè kà.

Ìyá Aláṣọ, Ọjà Ọba

Gbogbo ohun tí Tíṣà sọ ló dáa, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹnu nìkan béèrè. Ẹ ní kí wọ́n mú nǹkan jáde. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó dìde lọ wo àpótí rẹ̀, kí ó mú ohun kan tó kù láti ìgbà yẹn wá. Tí ohun náà bá ti wà ní ọwọ́ rẹ̀, ẹ ò ní nílò ìbéèrè mọ́.

Aránṣọ ni mí. Nígbà tí ọjà dá, kò sẹ́ni tó ń rán aṣọ ẹbí, torí kò sí òde. Àjákù aṣọ ló gbà mí. Gbogbo èyí tó kù lára aṣọ òde àwọn ènìyàn láti bí ọdún méjì ni mo gé sí ìbòmú. Kò pẹ́ tí rọ́bà fi wọ́n lọ́jà, mo bá ń gé aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ mo fi ń ṣe okùn. Ọgọ́rùn-ún náírà ni mo ń ta ọ̀kan. Mo ṣì ní mẹ́rin nílé, mo sì mọ òde tí aṣọ kọ̀ọ̀kan ti wá: ọ̀kan ìgbéyàwó, méjì ìsìnkú, ọ̀kan ìwúyè. Ṣé ẹ rí i pé ìtàn kan ti wà nínú ìtàn kejì?

Ojú mi ni ẹnì kan ṣe jáde ní ẹnu ọ̀nà báńkì, ó tú ìbòmú rẹ̀, ó fi lé ẹni tó wà lórí ìlà lọ́wọ́, ẹni yẹn so ó mọ́ imú, ó wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi fún ara wọn títí. Èmi tí mo rán an gan-an dúró, mo ń wò ó. Wọn kì í ṣe aláìgbọ́n. Ọgọ́rùn-ún náírà yẹn ni owó gààrí ọjọ́ yẹn. Ẹ rí i dájú pé irú èyí wọ inú ohun tí ẹ ń kó jọ, kí àwọn ọmọ ọmọ wa má rò pé a kàn ń ṣàìgbọràn ni.

Ẹ má san owó fún ẹni tó ń sọ ìtàn o. Ẹ kàn má lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ mú àkàrà tàbí ọsàn dání.

Nọ́ọ̀sì, Ọ̀wọ̀

Ọ̀rọ̀ ẹni tó sunkún ni mo fẹ́ sọ.

Ọmọ Ìjọ̀kà, ẹ ò ṣe nǹkan tó burú. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe sá lọ yẹn, ó lè máa rò pé ẹkún òun lé yín. Ẹ padà lọ kí i, kí ẹ má mú fóònù jáde rárá. Lọ́jọ́ mìíràn tí ẹnì kan bá tún sunkún, ẹ má sọ pé "ẹ dákẹ́, ẹ má sunkún mọ́." Ẹ bu omi fún un. Ẹ jókòó. Tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, ẹ bi í pé, "Ṣé ká dáwọ́ dúró lónìí, àbí ẹ ṣì fẹ́ sọ?" Òun ni kó pinnu. Ọ̀pọ̀ ló máa ní kí ẹ jẹ́ kí àwọn sọ ọ́ tán, torí ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti béèrè.

Ìbéèrè kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ béèrè láé: "Ta ló kó o wọ ilé yín?" Ìbéèrè yẹn ti tú ìdílé ká. Mo mọ obìnrin kan tó kó àrùn náà níbi iṣẹ́, ó gbádùn, ó padà sílé, àwọn ayálégbé ẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó fa omi kànga fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn tó ṣe é ṣì ń gbé ládùúgbò kan náà. Tí ẹ bá gba irú ìtàn yìí, tí ẹ sì gbé e síta pẹ̀lú orúkọ, ẹ ti dá ìjà sílẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ fóònù, ẹ jẹ́ kí ẹni náà yàn: ṣé kí wọ́n dárúkọ òun, ṣé kí wọ́n fi orúkọ òun pa mọ́, àbí kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ títí di ọdún tó bá dá. Ẹ gba ìyọ̀ǹda náà sílẹ̀ ní ohùn tirẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un pé ó lè yí ọkàn padà lọ́la. Kì í ṣe ìwà ọmọlúàbí nìkan ni ọ̀rọ̀ náà o. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn sí ohun tí a gbọ́dọ̀ fi ìṣọ́ra mú.

Ẹ tún jẹ́ kí n fi kan kún un, torí àwọn tó ń kọ ìtàn ìgbà yẹn máa ń gbàgbé rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ wa, Kòrónà kọ́ ló kọ́kọ́ dé ní 2020. Ibà Lassa, tí èkúté ń kó ran ènìyàn, ti wà nílẹ̀ láti oṣù Kìíní, a sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó pọ̀ sí jù ní Nàìjíríà. Àwọn tó wá sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ara gbígbóná nínú oṣù Kẹrin, wọn ò mọ èwo nínú méjèèjì ló mú wọn. Tí àgbà ní Ọ̀wọ̀ bá ń sọ fún yín nípa èkúté àti gààrí tí wọ́n ń bò, ẹ má rò pé ó ti ṣìnà. Inú ìgbà kan náà ló wà.

Ọmọ Ẹkìmògún

Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ní èrò tó yàtọ̀ lórí "Yorùbá tó mọ́." Tí màmá kan bá sọ̀rọ̀ ní èdè Àkúrẹ́, tó ní "ulé", kí ẹ má kọ "ilé." Tí ará Oǹdó bá sọ tirẹ̀, ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ẹ lè kọ ìtumọ̀ sísàlẹ̀. Ìyá mi àgbà kò sọ Yorùbá ilé ìwé rí láyé wọn. Tí mo bá fi Yorùbá ilé ìwé kọ ọ̀rọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ ta ni mo kọ?

Ìdí mìíràn tún wà. Orúkọ tí àwọn ènìyàn pe nǹkan fúnra rẹ̀ jẹ́ ìtàn. Nígbà tí ṣànpọ̀nná ń pa ènìyàn, àwọn àgbà wa kì í pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n ń sọ pé "ilẹ̀ gbígbóná", wọ́n ń sọ pé "olóde." Ọdún 1970 ni wọ́n rí ẹni tó ní i kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Lónìí, tí mo bá bi àwọn àgbà nípa rẹ̀, orúkọ wọ̀nyẹn ló kù lẹ́nu wọn, ìbẹ̀rù sì ṣì wà nínú bí wọ́n ṣe ń pè é. Àrùn ẹ̀fìnkìn ńlá tí ọkọ̀ ojú omi gbé dé Èkó ní oṣù Kẹsàn-án 1918 pa ènìyàn rẹpẹtẹ nílẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n nínú ìdílé tiwa, n kò rí ẹnikẹ́ni tó lè sọ gbólóhùn kan nípa rẹ̀. Èyí ló ń dùn mí tí mo fi ń dá sí ọ̀rọ̀ yín.

Ẹ bi wọ́n: kí lẹ̀ ń pè é nínú ilé yín? Kí làwọn ọmọdé ń pe ìbòmú? Orin wo ni wọ́n fi ń ṣeré kónílé-ó-gbélé?

Tíṣà Fẹ̀yìntì, Òkè-Àró

Mo gbà, ọmọ Oǹdó. Kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ìwà olùkọ́ ló ń bá mi jà.

FUTA 2020

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ fóònù ni tèmi.

Ẹ má gba ohùn náà lórí WhatsApp. Ẹ lo ohun ìgbohùnsílẹ̀ tó wà nínú fóònù fúnra rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí ìpè má bàa wọlé láàárín ọ̀rọ̀. Ẹ gba ìṣẹ́jú kan, ẹ fi etí gbọ́ ọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ gan-an. Mo ti gba wákàtí kan àti ààbọ̀ ọ̀rọ̀ bàbá mi rí tí fáànù òkè bò mọ́lẹ̀ pátá, n kò gbọ́ nǹkan kan, bàbá ò sì gbà láti tún un sọ. Ẹ pa fáànù. Ẹ fi aṣọ ìnuwọ́ tẹ́ orí tábìlì kí ẹ tó gbé fóònù lé e. Yàrá tó ní kọ́tìnnì àti ibùsùn dára ju pálọ̀ òfo lọ, ohùn kì í hó níbẹ̀.

Tí ẹ bá délé, ẹ dárúkọ fáìlì náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn: ọdún, oṣù, ọjọ́, àdúgbò, àti nọ́ńbà ẹni náà dípò orúkọ rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà sínú ìwé ọ̀tọ̀, kí ẹnì kan ṣoṣo máa tọ́jú ìwé náà. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan wà ní ilé ẹlòmíràn. Fóònù kì í ṣe ohun tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé, ó lè bọ́ sínú omi lọ́la.

Ẹ tún bi àwọn ènìyàn léèrè fóònù àtijọ́ tó wà nínú dúrọ́ọ̀. Ohun tí a ń fi ránṣẹ́ síra wa nígbà yẹn ṣì wà níbẹ̀: ata ilẹ̀ àti aáyù, ẹ fa ooru omi gbígbóná símú, ẹ lọ ra chloroquine. Ẹ gba àhesọ náà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kedere pé àhesọ ni, kí ẹnì kan má bàa rí i ní ogún ọdún sí i kó fi ṣe oògùn.

Fún àwọn tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, ẹ ṣọ́ra. Àwa tí a wà ní yunifásítì, ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹta 2020 yẹn, kò parí títí oṣù Kejìlá. Tí ẹ bá bi wá nípa Kòrónà, ìyanṣẹ́lódì la máa ń sọ, torí ọ̀kan náà ni méjèèjì nínú ọkàn wa. Nínú oṣù mẹ́sàn-án yẹn ni mo kọ́ iṣẹ́ bàtà. Ohun tí mo fi ń jẹun dòní nìyẹn.

Ìyá Aláṣọ, Ọjà Ọba

Ẹ má gbàgbé àwọn Hausa ọjà Ṣàṣà o, àti àwọn ọlọ́kadà. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ Hausa dáadáa. Tòmátò ti bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dí ọ̀nà láàárín ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. A rí i, a ò sì bi wọ́n ní nǹkan kan.

Bàbá Ọ̀bá-Ilé

N kì í sọ̀rọ̀ níbí, kíkà ni mo máa ń kà. Ṣùgbọ́n ẹ sọ̀rọ̀ ọ̀nà tí wọ́n dí.

Èkó ni ẹ̀gbọ́n mi kú sí nínú oṣù Karùn-ún ọdún yẹn. Kì í ṣe Kòrónà ló pa á, ọkàn ni. Wọn ò jẹ́ ká kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi tó gbé mi sí èjìká lọ sí ilé ìwé, n kò lè bu yẹ̀pẹ̀ sára pósí rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ gbé fóònù sétí kòtò, ó ní, "Bàbá, ẹ sọ̀rọ̀, ẹ kí wọn." Inú mọ́tò ni mo jókòó sí nínú ọgbà ilé mi, kí àwọn ará ilé má bàa gbọ́ mi. Mo kí i ní oríkì rẹ̀. Mi ò tíì kì í dé ìdajì tí káàdì fóònù fi tán.

Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó bi mí pé, "Báwo lẹ ṣe sin ẹ̀gbọ́n yín?" Wọ́n á ní, "Ẹ kú ìrọ́jú," ó tán. Ọmọ Ìjọ̀kà, tí ẹ bá fẹ́ gba tèmi, mo ṣe tán. Ohun kan ni mo fẹ́: kí ẹ fún mi ní ẹ̀dà, kí n fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀. Mo sì fẹ́ parí oríkì yẹn sínú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, Ọ̀wọ̀

Bàbá, ẹ kú ìdúró. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ Ìjọ̀kà, ohun tí bàbá béèrè yẹn ni kí ẹ fi ṣe òfin fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá sọ ìtàn ló kọ́kọ́ ni ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹgbẹ́ tó gba tiwọn.

Ọmọ Ìjọ̀kà

Mo ti padà dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ó pẹ́.

Mo kọ́kọ́ lọ kí ẹni tó sunkún, n kò mú fóònù jáde. A jẹ ọsàn. Kò sọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà, èmi náà kò béèrè. Bí mo ṣe fẹ́ dìde ló ní kí n wá ní ọjọ́ Àìkú.

Mo wá padà sọ́dọ̀ màmá ẹlẹ́wà. Mo ní, "Màmá, nígbà tí wọn ò jẹ́ kí ẹ jókòó sójú títì, níbo lẹ ti ń ta ẹ̀wà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ojú fèrèsé yàrá àwọn ni, láti ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n so okùn mọ́ agbọ̀n, àwọn ọmọ á kó abọ́ àti owó sínú rẹ̀, wọ́n á fa agbọ̀n wọlé, wọ́n á bu ẹ̀wà, wọ́n á sọ ọ́ padà. Wọ́n máa ń fi ọṣẹ fọ owó náà, wọ́n á sá a sórí okùn bí aṣọ. Mo bi wọ́n bóyá ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ìbúgbàù Iluabo tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní rárá, ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn rẹ̀ ni, torí fèrèsé yẹn gan-an là lọ́jọ́ náà, àwọn fi páálí dí i, páálí náà làwọn yọ tí ọwọ́ fi ráyè. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú méjìléláàádọ́ta. Apá kan wà tó kan aládùúgbò tí kò sanwó, wọ́n ní kí n yọ ọ́. Mo ti yọ ọ́. Agbọ̀n náà ṣì wà, mo ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ wọn lórí rẹ̀.

Ìbéèrè kan ló kù: ibo la máa kó ẹ̀dà ẹgbẹ́ sí? Àwọn kan ní kí a gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Tíṣà Fẹ̀yìntì, Òkè-Àró

Má kánjú gbé e síta. Kó ẹ̀dà kan sí ọwọ́ ẹgbẹ́, ọ̀kan sí ilé ìwé àdúgbò, kí ẹ sì kọ lẹ́tà sí ilé ìkàwé ìpínlẹ̀ níbí ní Àkúrẹ́. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti ìjọba àpapọ̀ wà nínú yunifásítì Ìbàdàn, ẹ lè bá wọn sọ̀rọ̀ tí ó bá ti pọ̀ díẹ̀. Tẹ díẹ̀ sórí ìwé pẹ̀lú. Ìwé kì í béèrè iná.

FUTA 2020

Mo máa wà ní Ọ̀bá-Ilé ní Ọjọ́bọ̀ yìí. Tí Bàbá bá gbà, mo lè bá ẹ̀gbọ́n Ìjọ̀kà lọ, kí èmi máa mójú tó fóònù, kí wọ́n ráyè gbọ́ Bàbá dáadáa.

Bàbá Ọ̀bá-Ilé

Ẹ máa bọ̀. Aago mẹ́rin ni kí ẹ wá, aládùúgbò mi kò tíì ń tan jẹnẹrétọ̀ nígbà yẹn. Mo ti kọ oríkì náà sílẹ̀, kí n má bàa tún já a lágbedeméjì.